Kọ́tìnì Aláwọ̀ Méjì Tí Mo Fi Ojú Ara Mi Yàn

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko la fi gbé yàrá kan àti pálọ̀ ní Kétu kí a tó rí fúláàtì oníyàrá mẹ́ta ní Ìkòsí. Nílé ti àkọ́kọ́ yẹn, kọ́tìnì kan ṣoṣo la ní. Ó wà láàárín yàrá àti pálọ̀, iṣẹ́ ẹ̀ sì ni kí àlejò má baà rí àwọn àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí a sá sẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì. Kò sẹ́ni tó bi wá léèrè àwọ̀ ẹ̀ rí. Èmi alára ò lè sọ ọ́.

Ìgbà tí a dé Ìkòsí lọ̀rọ̀ yí padà. Fèrèsé mẹ́jọ ló ń wò wá ranran bí ojú tí kò ní ìpéǹpéjú. Ọjọ́ kẹta tí a kó dé, ìyàwó mi lẹ ìwé ìròyìn mọ́ fèrèsé pálọ̀ kí àwọn ará ilé òdìkejì má baà máa bá wa ka iye ẹran tó wà nínú ọbẹ̀. Kọ́tìnì aláwọ̀ méjì ló wù ú, irú èyí tí àwọ̀ kan máa ń wà láàárín, tí àwọ̀ kejì á wà létí ọ̀tún àti òsì. Ó ti rí i nílé ọ̀gá ẹ̀ níbi iṣẹ́, lápá Mende, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti gbàgbé.

Ó ní, “Daddy, ti pálọ̀ lọ́tọ̀, ti yàrá wa lọ́tọ̀, ti ọmọ lọ́tọ̀. Ẹ má jẹ́ ká fi aṣọ kan ṣoṣo bo gbogbo ilé bíi ilé ìwé.”

Ilé ìwé tó dárúkọ yẹn dùn mí díẹ̀, torí olùkọ́ ni mí. Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ.

A ò tíì ra nǹkan kan tí àbúrò ẹ̀ fi bímọ ní Abẹ́òkúta. Àsìkò ìsinmi ni, ó ní òun á mú ọmọbìnrin wa dání, àwọn á lọ bá a tọ́jú ọmọ tuntun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó ń di ẹrù, ó ní kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọ́tìnì dúró de òun.

Mo ní, “Kí ló wà nínú kọ́tìnì? Kó o tó dé, màá ti parí ẹ̀.”

Ó gbójú sókè. “Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tó jẹ́ pé èmi ni mò ń bá yín mú ṣẹ́ẹ̀tì tó bá ṣòkòtò mu?”

Ó fẹ́ fi ṣe àwàdà ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ọkùnrin tó lé ní ogójì ọdún, tó ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì, tí àwọn ọmọ ń kí ní “sà” láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì, ṣé kọ́tìnì ló máa wá borí ẹ̀? Mo gbé wọn dé ibi tí wọ́n ti wọkọ̀ ní Ọ̀jọ́tà, mo juwọ́ sí wọn, mo sì yára padà sílé bí ẹni tí ìjọba gbé iṣẹ́ fún.

Mo ra tépù. Mo wọn gbogbo fèrèsé lẹ́ẹ̀mejì. Mo ya ilé náà sórí ìwé ńlá bí ẹní ń ya máàpù, pẹ̀lú ọfà tó ń tọ́ka sí àríwá. Mo wá kọ ìlànà sábẹ́ ẹ̀. Pálọ̀ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, oòrùn ọ̀sán a sì máa jó o, nítorí náà áàṣì ní àárín, wáìnì tó nípọn létí. Yàrá wa gbọ́dọ̀ tutù lójú, torí náà áàṣì àti búlúù. Ti ọmọ wa gbọ́dọ̀ dà bí pápá tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ là sí: yẹ́lò àti gíríìnì. Nígbà tí mo kà á tán, ó wù mí débi pé mo kà á fún aládùúgbò wa kan tí mo bá pàdé lórí àtẹ̀gùn. Ó gbé korobá omi méjì lọ́wọ́. Ó dúró, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀, ó ní Ọlọ́run á fún wa lówó tí a máa fi ṣe é.

Ọjọ́ kejì, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù aṣọ kọ́tìnì kan ní Kétu. Obìnrin tó ń tajà níbẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ mi. Wọ́n to aṣọ jọ láti ilẹ̀ dé àjà.

Ó ní, “Daddy, ẹ káàbọ̀. Àwọ̀ wo lẹ fẹ́? Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n bá yín mú u.”

Ká ní mo dá a lóhùn bó ṣe bi mí ni, ìtàn yìí ì bá ti parí síbẹ̀. Ẹnu lásán ni kí n fi sọ pé áàṣì ni mo fẹ́, kó sì gbé áàṣì fún mi. Ṣùgbọ́n ìgbéraga ò jẹ́. Mo ti gbọ́ pé àwọn ọlọ́jà máa ń gbé èyí tí kò tà fún ọkùnrin tó bá dá wá.

Mo ní, “Ẹ má ṣe wàhálà. Mo mọ ohun tí mò ń wá. Èmi ni màá nàka sí i.”

Mo káwọ́ sẹ́yìn, mo ń rìn lọ rìn bọ̀ bí ọ̀gá tó ń ṣọ́ àwọn tó ń ṣe ìdánwò. Mo nàka sí èyí tó jẹ́ áàṣì. Obìnrin náà fà á yọ.

“Èyí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ti pálọ̀ àti ti yàrá wa ni.”

“Èwo ló máa bá a lọ ní pálọ̀?”

Mo nàka sí èyí tó dúdú díẹ̀ tó sì nípọn. Ó wò ó, ó wá wò mí.

“Daddy, ṣé ó dá yín lójú?”

“Ó dá mi lójú gan-an.”

“Mummy ilé ńkọ́? Ṣé wọ́n ti rí i?”

Ìbéèrè yẹn ló ba nǹkan jẹ́ pátápátá. Mo nàka sí àwọn tó kù, ti yàrá wa àti ti ọmọ, mo ní kó gé gbogbo ẹ̀. Ó gé e, ó sì dì í. Ìgbà tí mo ń jáde ló ní, “Ẹ kú orí ire ilé tuntun o.”

Ọ̀dọ̀ baba télọ̀ kan ládùúgbò wa ni mo gbé e lọ. Àgbàlagbà ni, ó fi okùn so gíláàsì ojú ẹ̀ kọ́rùn. Ó na aṣọ méjì ti pálọ̀ sórí itan, ó gbé gíláàsì ẹ̀ sójú, ó bọ́ ọ, ó tún gbé e sójú.

“Ọ̀gá tíṣà, èyí lẹ ní kí n rán mọ́ èyí?”

“Òun ni, sà.”

Ó mi orí. “Kò burú. Ẹni tó lojú ló nìran.”

Mo rò pé ó ń yìn mí ni. Inú mi dùn débi pé mo kọ ọ̀rọ̀ náà sínú fóònù mi.

Fúnra mi ni mo fi wọ́n kọ́. Ọ̀pá ti pálọ̀ já lù mí lórí lẹ́ẹ̀kan, mo fara dà á, mo tún gun àkàbà padà. Nígbà tí mo parí, mo jókòó sínú àga, mo wò ó. Mo dìde, mo lọ wo ti yàrá. Mo padà wá wo ti pálọ̀. Ká sòótọ́, mo rò ó lọ́kàn mi pé mo ṣi iṣẹ́ yàn láyé. Ìyàwó mi pè, ó ní kí n fi fọ́tò ránṣẹ́. Mo kọ̀ jálẹ̀, mo ní ìgbà tó bá dé ló máa rí i.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni wọ́n dé. Ọmọ wa, tó jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà náà, ló kọ́kọ́ sáré wọlé. Ó dúró láàárín pálọ̀, ó pàtẹ́wọ́.

“Yéè! Daddy ti fi píńkì sí gbogbo ilé!”

Mo rẹ́rìn-ín. “Áàṣì nìyẹn, ọmọ mi.”

“Píńkì ni, Daddy.”

Mo bojú wẹ̀yìn kí ìyàwó mi lè bá mi fi ọgbọ́n tọ́ ọmọ yìí sọ́nà. Ó ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ó rọra bi mí pé, “Kí lẹ pè é?”

“Áàṣì. Áàṣì àti wáìnì.”

“Níbo ni wáìnì ọ̀hún wà?”

“Òun ló wà létí yẹn.”

“Daddy, gíríìnì nìyẹn. Gíríìnì bíi ewé ẹ̀fọ́.”

Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó wọ yàrá wa lọ. Mo gbọ́ tó pariwo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ariwo kúkúrú, bí ẹni tó fẹsẹ̀ gbá òkúta. Pọ́pù ló bá níbẹ̀, òun àti píńkì. Nígbà tó jáde, ó ti yọ “ẹ” kúrò lẹ́nu. Ìyàwó mi kì í fi “o” bá mi sọ̀rọ̀ àfi tí inú bá bí i dénú egungun.

“Ṣé o fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Torí mo ní o ò mọ ṣẹ́ẹ̀tì mú, o wá ba gbogbo ilé jẹ́ láti fi gbẹ̀san?”

Inú bí èmi náà. Mo ti fara gba ọ̀pá lórí nítorí kọ́tìnì yìí. Mo ní bóyá omi Abẹ́òkúta ló kó sí wọn lójú. Ó ní òun á pe aládùúgbò wá. Mo ní kó pè é, ó ti gbọ́ ìlànà náà tẹ́lẹ̀. A ń jà lórí ohun tó wà níwájú wa kedere bí ẹni tó ń jiyàn lórí bóyá òjò ń rọ̀.

Ọmọ wa ló là wá níjà. Ó gbé páálí kíréyọ́ǹ ẹ̀ wá. Ó ti bó ìwé ara gbogbo wọn, bí ọmọdé ti máa ń ṣe, kò sì sí orúkọ lára ọ̀kankan. Ó dà wọ́n sílẹ̀, ó ní, “Daddy, ẹ kó gbogbo gíríìnì fún mi.”

Mo kúnlẹ̀. Mo fi ìdánilójú kó wọn jọ, mẹ́rin, mo tò wọ́n. Ọmọ náà wo ìyá ẹ̀. Ìyá ẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì fọwọ́ ya méjì sọ́tọ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ó ní, “Méjì yìí ni gíríìnì. Èyí, búráùn ni. Èyí, àwọ̀ ọsàn ni.” “Ẹ” ti padà sẹ́nu ẹ̀. “Daddy, ẹ wò ó dáadáa. Ṣé ẹ ò rí i pé wọ́n yàtọ̀?”

Mo wò ó. Mo gbé e súnmọ́ fèrèsé. Ọ̀kan mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

“Iná tó wà lójú títì ńkọ́? Báwo lẹ ṣe ń mọ ìgbà tí ẹ máa dúró?”

“Bí ti òkè bá tàn, èèyàn á dúró. Bí ti ìsàlẹ̀ bá tàn, èèyàn á lọ.”

“Àwọ̀ ẹ̀ ni mò ń bi yín.”

“Ta ló ń wo àwọ̀ níbẹ̀?”

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Mo rò pé ẹ̀rín ni, àfi ìgbà tí mo rí ẹ̀rù lójú ẹ̀.

Bí mo ṣe lo ogójì ọdún ó lé láyé láìmọ̀ pé ojú mi ò rí ohun tí tẹlòmíì ń rí nìyẹn. Mo sì mọ ẹni tó bò mí láṣìírí: èdè Yorùbá ni. Epo, pupa. Ilẹ̀ Ìṣẹ́yìn tí wọ́n bí mi sí, pupa. Èèyàn tí ara ẹ̀ mọ́lẹ̀, pupa. Bí gbogbo ìyẹn bá lè máa jẹ́ orúkọ kan náà, ta ni yóò fura sí ọmọ tó bá ṣì wọ́n mú? Ti máàpù ló tilẹ̀ ń tì mí lójú jù. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ pé gíríìnì ni ilẹ̀ tó rẹlẹ̀, búráùn ni òkè. Láti orí ni mo ti ń sọ ọ́. Mo máa ń bínú lọ́kàn mi sí àwọn tó ń ya máàpù pé kí ló dé tí wọn ò wá àwọ̀ méjì tí kò jọra.

Mo pe ìyá mi ní Ìṣẹ́yìn. Mo rò ó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn.

“Àbúrò mi ọkùnrin náà rí bẹ́ẹ̀,” ni wọ́n sọ. “Sílípáàsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wọ̀ wá síbi ìsìnkú bàbá wa, ọ̀kan pupa, ọ̀kan àwọ̀ ewé. A bú u pé ó ń fi òkú ṣeré.” Wọ́n tún ní, “Ọ̀rọ̀ àlàárì yẹn, ṣé o rántí?”

Mo rántí. Ahunṣọ òkè ni bàbá mi. Nígbà tí mo wà bí ọmọ ọdún mọ́kànlá, wọ́n gba iṣẹ́ aṣọ ìyàwó, àlàárì gidi, pupa tó jinlẹ̀. Wọ́n ní kí n jókòó sídìí òfì kí àwọn lọ kírun. Òwú tí mo mú kì í ṣe àlàárì, àwọ̀ ewé ni. Mo hun tó ìbú ọwọ́ méjì kí wọ́n tó dé. Wọn ò nà mí. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń tú u ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ní ọmọ tí kò lè fọkàn sí nǹkan kò gbọdọ̀ jókòó sídìí òfì mọ́. Ìdí tí mo fi gbájú mọ́ ìwé nìyẹn. Ìdí náà sì ni mo fi gbà láti kékeré pé aláìfọkànsí ni mí, tí mo fi ń wọn nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, tí mo fi ń kọ ìlànà sílẹ̀ fún gbogbo nǹkan.

Ìyá mi ní, “Ó dun bàbá ẹ títí wọ́n fi kú pé o ò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Wọn ò mọ̀, ọmọ mi. Èmi náà ò mọ̀.”

“Ẹ má bínú, Ìyá mi.”

“Ta lò ń bẹ̀? Àwa ló yẹ ká bẹ̀ ọ́.”

Mo ní ìpè ń wọlé, mo sì gbé fóònù sílẹ̀. Kò sí ìpè kankan.

Ìyàwó mi mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú kan. Dókítà náà gbé ìwé kan sílẹ̀ tí wọ́n fi àmì tótòtó kún inú ẹ̀, ó ní nọ́ńbà wo ni mo rí. Mo ní ẹẹ́ta. Lẹ́yìn mi, ìyàwó mi ní, “Ẹẹ́jọ ni.” Dókítà ní kó jọ̀ọ́, kó má dáhùn fún mi, ìdánwò ni. Èmi tí mo ti lé ọmọ jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò nítorí irú ẹ̀ rí!

Nígbà tó parí, dókítà ní, “Ojú yín dáa, sà. Bí wọ́n ṣe bí yín nìyẹn. Kò sí oògùn ẹ̀, kò sì lè pa yín lára. Kò ju pé kí ẹ máa béèrè.”

Ìyàwó mi bọ́ síta, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì wá rín ẹ̀rín tó ti ń pa mọ́ra láti ọjọ́ Àìkú. Èmi náà bá a rín in. Àwọn tó ń kọjá ń wò wá.

A kó kọ́tìnì padà lọ sọ́dọ̀ baba télọ̀. Ìyàwó mi ti gbèrò ohun tó máa ṣe: kí wọ́n tú gbogbo píńkì kúrò, kí a ra kíríìmù, kí kíríìmù máa bá gíríìnì lọ ní pálọ̀, kó sì máa bá pọ́pù lọ ní yàrá wa. Baba náà gbọ́, ó sì mí kanlẹ̀.

“Mo mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀,” ló sọ. “Mo rò pé ṣọ́ọ̀ṣì yín ló ní kí ẹ lò ó bẹ́ẹ̀ ni.”

Ní ṣọ́ọ̀bù Kétu, obìnrin ọlọ́jà ò tiẹ̀ jẹ́ ká jókòó. Bó ṣe rí ìyàwó mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló ti na ọwọ́ méjèèjì sókè. “Mummy, ẹ ṣàánú mi! Mo bi wọ́n! Mo ní ṣé ó dá wọn lójú!”

Ìyàwó mi ní, “Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti sọ fún mi.” Mo dúró sẹ́yìn, mo gbé ọ̀wọ́ aṣọ lọ́wọ́, mi ò nàka sí nǹkan kan.

Ti yàrá ọmọ wa nìkan la ò fọwọ́ kàn. Yẹ́lò àti gíríìnì ni mo rò pé mo rà, yẹ́lò àti àwọ̀ ọsàn ló sì jẹ́. Ọmọ náà dì í mú, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tú u. Ìyàwó mi gbà pé ó rẹwà jù gbogbo tó kù lọ. Ó ní kí n má gbéra ga. Píńkì tó ṣẹ́ kù di ìrọ̀rí, ó di aṣọ tábìlì, ó di ohun tí a fi ń nu fírísà, mo sì ń bá wọn pè é ní píńkì.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá, mo lọ ra tòmátì ní Mile 12. Mo rántí ohun tí dókítà sọ. Mo dúró níwájú obìnrin kan tó tò ó sínú agbọ̀n, mo kí ara mi láyà, mo sì sọ ọ́ síta fún àjèjì fún ìgbà àkọ́kọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, ojú mi kì í mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Ẹ bá mi ṣa èyí tó pọ́n.”

Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí mi láti òkèèrè?” Ṣùgbọ́n ó bá mi ṣà á, ó kún ọ̀rá, ó sì gbàdúrà fún mi pé Ọlọ́run á tún un ṣe. Mo rìn lọ sílé bí ẹni tó ti yege.

Ìyàwó mi tú ọ̀rá náà sínú abọ́. Ó ṣà á sọ́nà méjì, bó ṣe ṣa kíréyọ́ǹ lọ́jọ́sí. Èyí tó pọ́n ò tó ìdajì.

Ó ní, “Ó kéré tán, ẹ béèrè.”